Ọjọ́ Tí Sang-gil Mú Ìyá Rẹ̀ Ṣe Fàájì ní Seoul

Fọ́tò ni Sang-gil fi ránṣẹ́ sórí fóònù baálẹ̀ wa lọ́jọ́ kejì, kò sì sí ẹni tí kò rí i ní abúlé Sokgol. Nínú ọ̀kan, ìyá rẹ̀ dúró níwájú ààfin àtijọ́ nínú aṣọ aláwọ̀ òdòdó, igi ńlá tí ewé rẹ̀ ti pọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Látìgbà náà ni wọn ò ti jẹ́ kí etí mi sinmi. "Ẹ ò rí ọmọ bí ọmọ! Irú Sang-gil ló yẹ kéèyàn máa tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ìyàwó baálẹ̀ tiẹ̀ fi fọ́tò náà bú ọmọ tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ni apá tó yọ díẹ̀ létí fọ́tò yẹn. Mi-ran, ìyàwó Sang-gil, ló gé èyí tó kù lára mi dànù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, kí n má baà gbé ìbínú yìí wọ sàréè.

Jeom-rye lorúkọ ìyá Sang-gil. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé èmi àti òun níyàwó wọ Sokgol, ilé wa kọjú síra, odi amọ̀ kékeré kan ló là wá láàárín. Oko aáyù ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá rí i tó ń bọ̀ lọ́nà, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn náà ṣe tẹ̀ tó. Yunifásítì tí Sang-gil lọ wà nínú ìtẹ̀ ẹ̀yìn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ìyá arúgbó jẹ́jẹ́ kan ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kó lọ bi àwọn tó ti bá a ná aáyù rí. Ẹnu rẹ̀ mú ju ọkọ́ lọ.

Dal-ho, ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ọkọ gidi. Mi ò ní torí pé ó ti kú kí n máa purọ́. Ó fi màlúù tí wọ́n fi ń túlẹ̀ mu ọtí, ó mu ún tán, ó wá délé wá bá ìyàwó rẹ̀ jà pé ọbẹ̀ tutù. Oyún bàjẹ́ lára Jeom-rye lemọ́lemọ́ kí Sang-gil tó dúró, òun nìkan ló sì dúró. Síbẹ̀, látìgbà tí Dal-ho ti kú, ọjọ́ ikú rẹ̀ kò kọjá rí kí Jeom-rye má gbé tábìlì fún un: ìrẹsì funfun, ọbẹ̀, ẹja, àkàrà ìrẹsì, èso, ọtí. Yóò wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí òkú lè ráàyè wọlé wá jẹun. Mo bi í nígbà kan pé, "Ṣé ọ̀mùtí tó fi ojú rẹ rí màbo yìí lo ń ṣe gbogbo èyí fún?" Ó ní, "Ìyá Mun-ja, ebi ò mọ ènìyàn burúkú. Ta ló máa fún un jẹ tí mi ò bá fún un?"

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Obìnrin kì í bu ife ọtí àkọ́kọ́ fún òkú. Ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń bù ú. Òkú tí wọn ò bu ife yẹn fún yóò kàn jókòó bí àlejò tí wọn ò kí ni, kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ní tiwa ní Sokgol, ìsìnkú nìkan kò tó, ẹni ọmọ bu ọtí fún lẹ́yìn ikú ló bímọ. Sang-gil wá lọ́dún àkọ́kọ́, ó wá lọ́dún kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà jìn, ara Mi-ran ò yá. Àbúrò Dal-ho ló wá ń bu ọtí náà, títí òun náà fi kú nígbà òtútù tó kọjá. Láti ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni oorun ò ti kun Jeom-rye lójú. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè bu ọtí fún Dal-ho, ọkùnrin náà sì wà ní Seoul.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ikú Dal-ho ń sún mọ́lé, Sang-gil fúnra rẹ̀ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màmá, ẹ má dáná lọ́dún yìí o. Ẹ wá sí Seoul lọ́jọ́ náà. Èmi àti Mi-ran la máa tọ́jú yín."

Jeom-rye sáré wá sílé mi láìwọ bàtà. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé tí apá ìyá ò bá ká a mọ́, àkọ́bí a máa gbé tábìlì òkú lọ sílé ara rẹ̀, ibẹ̀ ni òkú yóò sì ti máa jẹun láti ìgbà náà lọ. "Ó ti gbà á!" ó ń pariwo. "Sang-gil ti gba bàbá rẹ̀ sọ́dọ̀! Mo lè kú báyìí." Èmi náà bá a yọ̀. Kò sí arúgbó kan ní Sokgol tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní rò ó bí a ṣe rò ó.

Wọ́n ní kó má dáná, ó dáná. Ó ní Mi-ran tí wọ́n bí sí Seoul ò lè mọ bí wọ́n ṣe ń sá ẹja. Ó sá ẹja, ó se àkàrà ìrẹsì, ó ṣa èso tí kò lábàwọ́n, ó di gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ ìdìrù kan. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lódìkejì odi, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní àgbàlá.

"Bàbá Sang-gil, má wá síbí lọ́la o. Ilé ọmọ rẹ ni kó o lọ. Ilé gíga funfun tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ni. Má wọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o, wọ́n jọra. Ilẹ̀kùn wọn ò ní kọ́kọ́rọ́, nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀." Ó sì ka nọ́ńbà náà fún un.

Mo yọ orí lókè odi. "Òkú ni kó máa tẹ nọ́ńbà?"

"Ẹni tó mọ̀nà ọ̀run lọ tó mọ̀nà bọ̀, ṣé nọ́ńbà ló máa ṣòro fún?"

"Tó bá ti yó ńkọ́?"

"Á gbálẹ̀kùn," ó ní. "Ṣebí ó mọ ilẹ̀kùn gbá dáadáa nígbà tó wà láyé."

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Inú rẹ̀ dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju bí mo ṣe rí i rí lọ.

Èmi ló mú un lọ, torí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, ibùdókọ̀ Seoul sì lè gbé ènìyàn mì. Sang-gil àti Mi-ran ti ń dúró dè wá níbẹ̀. Sang-gil ti sanra, ó wọ ẹ̀wù òtútù tó balẹ̀, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Ó ní kí wọ́n gbé ìdì náà sẹ́yìn mọ́tò, ìyá rẹ̀ kọ̀, ó gbé e lé itan.

"Màmá, kí ló wà nínú èyí? Ó ń rùn," Mi-ran wí, ó sì ṣí fèrèsé.

"Ẹja tí a máa lò ni."

Mi-ran wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe fàájì, Màmá," ó ní. "Ọjọ́ yín lòní."

"Ọjọ́ tèmi bí? Ọjọ́ bàbá rẹ ni," ìyá rẹ̀ dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Ààfin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ. Ẹni tó bá wọ aṣọ ìbílẹ̀ kì í sanwó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé aṣọ yíyá fi kún gbogbo àdúgbò náà. Mi-ran wọ́ wa wọ ọ̀kan. Èmi kọ̀, mo ní ẹni tó ti wọ irú aṣọ yẹn gbọ́mọ pọ̀n ò ní yá a wọ̀ ya fọ́tò. Jeom-rye gbà. Wọ́n wọ yẹ̀rì aláwọ̀ òdòdó tó ń dán yanranyanran lé ṣòkòtò rẹ̀ lórí, wọ́n fi òdòdó oníke há a nírun. Ó dà bíi kéèkì ọjọ́ ìbí. "Kò burú," ó sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́, "a kúkú gbọ́dọ̀ múra dáadáa fún ti alẹ́."

A rìn káàkiri. Ilẹ̀ ààfin yẹn fẹ̀ ju gbogbo oko Sokgol lọ, òkúta lásán ni, kò sí ibi téèyàn lè fìdí lé. Sang-gil ń ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó sókè, Mi-ran ń ya fọ́tò. "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín. Màmá, ẹ wo ibí. Màmá, ẹ na ẹ̀yìn yín díẹ̀." Ẹ̀yìn tí ì bá ṣeé nà, ṣé Mi-ran ni yóò dúró dè kó tó nà? Ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì nítorí Jeom-rye. Òun ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo fọ́tò. Ó gbé ìdì rẹ̀ mọ́yà, Mi-ran sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà tó bá fẹ́ yà á, kó má baà hàn.

Nígbà tí a jókòó jẹun ọ̀sán, Jeom-rye kàn ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ní òun ò lè yó ṣáájú ẹni tí wọ́n ń retí. "Sang-gil, ìgbà wo la máa dé ilé rẹ? Ìrẹsì gbọ́dọ̀ gbóná kó tó dé."

"Màmá, a ti gba àyè síbi oúnjẹ alẹ́ lórí ilé gogoro tó wà lórí òkè yẹn. Ẹ máa rí gbogbo Seoul, gbogbo iná rẹ̀."

"Bàbá rẹ á sì dé. Ta ló máa wà nílé?"

"Ẹ jẹun ná, Màmá."

Bí ọmọ bá ní ohun tó fẹ́ sọ tí kò lè sọ, ohùn rẹ̀ kì í pa mọ́ fún àgbà. Mo wo Jeom-rye, mo rí i pé òun náà ti gbọ́ ohùn yẹn. Ṣùgbọ́n ó bu ẹ̀fọ́ kíkan kimchi lé orí ìrẹsì Sang-gil, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, ó ní, "Jẹun, o ti rù." Ó ti rù! Ọkùnrin tí bẹ́líìtì ò fẹ́ dé mọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n mú wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ní ẹrù oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọlé, a bá tì í mọ́ inú àpótí onírin kan lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ilé yẹn, ohun tó wà lẹ́yìn ilé mi ni wọ́n fi gíláàsì dé: ohun èlò ìtúlẹ̀, apẹ̀rẹ̀, ọlọ, bàtà tí wọ́n fi koríko hun. Àwọn ọmọdé ń fi ìka tọ́ka sí i. Mo ń wá ibi tí mo ti máa rí ara mi nínú gíláàsì, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi, nígbà tí Jeom-rye dúró gbọin.

Tábìlì òkú ni. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lódindi lẹ́yìn gíláàsì, àtùpà méjèèjì tàn lórí rẹ̀. Èso pupa wà níhà ìlà oòrùn, èso funfun níhà ìwọ̀ oòrùn, orí ẹja kọ ibi tó yẹ kó kọ. Wọn ò ṣì í tò rárá. Oníke sì ni gbogbo rẹ̀, látorí ìrẹsì dórí ẹja, ife ọtí tó wà níwájú gbẹ táútáú.

"Màmá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí," Sang-gil bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Ẹ wo ibi tí nǹkan yìí dé. Ó ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi, kò sẹ́ni tó ṣì ń ṣe é. Èmi àti Mi-ran ti jọ sọ ọ́. A ò ní gbé tábìlì mọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá lónìí gan-an nìyẹn, kí ẹ má baà dá wà nílé kí ẹ máa fi oúnjẹ pa ara yín. Ọdọọdún la ó máa mú yín jáde lọ́jọ́ òní. Lọ́dún tó ń bọ̀, a lè lọ sí erékùṣù Jeju."

Jeom-rye ò tíì kúrò níwájú gíláàsì. "Ìwọ lo ní kí n má dáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Pé kí ẹ sinmi."

"Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé ilé rẹ ni kó máa bọ̀."

"Màmá. Bàbá ti kú."

"Ṣé ẹni tó wà láàyè ni wọ́n ń gbé tábìlì òkú fún?" Ohùn rẹ̀ ò le. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni yóò mọ̀ pé ó ń bẹ̀bẹ̀. Èmi ò gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé. "Sang-gil, mi ò ní kí Mi-ran se nǹkan kan. Mo ti se é tán. Ife ọtí kan péré. Bu ú, kó o dọ̀bálẹ̀, kí n máa padà lọ sílé mi."

"Tí mo bá bu ti òní, ti ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ tán níbì kan, Màmá."

Mi-ran náà dá sí i. "Màmá, ṣé Bàbá tọ́jú yín nígbà tí wọ́n wà láyé ni? Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún wa."

Òótọ́ ni. Jeom-rye ló sọ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú ìfẹ́, bí ìyá ṣe máa ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, wọ́n fi gbá a létí.

"Kò tọ́jú mi," ó ní. "Mi ò ní kó o bu ọtí fún ọkọ mi. Mo ní kó o bu ọtí fún bàbá rẹ. Nígbà tí ibà fẹ́ pa ọ́, òun ló pọ̀n ọ́ la yìnyín já dé ilé ìwòsàn, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kú níbẹ̀. Torí ìwọ ni. Kò ṣe irú ẹ̀ fún mi rí."

Sang-gil wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Jeom-rye yí padà sí gíláàsì náà. Ó káwọ́ pọ̀ síwájú orí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú eékún rẹ̀ tó ti bàjẹ́, ó foríbalẹ̀. Yẹ̀rì aláwọ̀ òdòdó náà tẹ́ yí i ká. "Bàbá Sang-gil," ó ní, "níbí ni o. Má bínú. Ohun tí ọmọ rẹ ní ká gbé fún ọ nìyí."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ. Ẹ rò ó wò: ìyá arúgbó nínú aṣọ tó ń dán, òdòdó lórí, tó foríbalẹ̀ níwájú tábìlì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n rò pé eré ni. Fóònù sókè, ẹnìkan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó sún mọ́ iwájú kó lè rí i dáadáa. Nígbà tó gbórí sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, síbi tí Sang-gil dúró sí, ó ní, "Wá. Wá dọ̀bálẹ̀ fún un níbí náà. Mi ò bèèrè ife ọtí mọ́. Dọ̀bálẹ̀ nìkan."

Sang-gil fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó tún fi èkejì sẹ́yìn, títí ó fi wà láàárín àwọn tó ń wòran. Ọmọbìnrin kan tí òun náà yá aṣọ wọ̀ yíjú sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ojoojúmọ́ ni màmá yìí máa ń ṣe é? Mo fẹ́ mú àwọn ọ̀rẹ́ mi wá."

"Mi ò mọ̀," ni Sang-gil wí. "Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Èmi náà kàn wá wòran ni."

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò jìnnà sí i. Mo rí i tí ọwọ́ tó nà sẹ́yìn yẹn rọra padà sílẹ̀. Mi-ran alára fọwọ́ bo ẹnu. Mo kórìíra Sang-gil ní ìṣẹ́jú náà, mo ṣì kórìíra rẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún mi pé àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀, kó lọ sọ ọ́ níbòmíì.

Mo fa Jeom-rye dìde. Ó tú òdòdó oníke náà kúrò lórí, ó bọ́ yẹ̀rì náà níbẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, ó ká a dáadáa bó ṣe máa ń ká aṣọ tirẹ̀, ó gbé e lé Mi-ran lọ́wọ́. Ó ku òun àti ṣòkòtò oko àti ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Àwọn òǹwòran ò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe mọ́, àwọn kan ṣì gbé fóònù sókè. A lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo ṣí àpótí, mo gbé ìdì náà jáde. Sang-gil tẹ̀ lé wa débẹ̀. Ọmọbìnrin aláṣọ yíyá náà wà nítòsí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wò wá.

Jeom-rye lọ bá Sang-gil. Ó gbójú sókè wò ó bí a ṣe ń wo ẹni tí a bá pàdé ní ìgboro. Ó tẹrí ba díẹ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ó ní, "abúlé la ti wá, a ò mọ̀nà. Ibo ni wọ́n ń gbà lọ sí ibùdókọ̀?"

"Màmá..."

"Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, kò burú. A ó bi ẹlòmíì."

Sang-gil wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin yẹn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú wọn wà lára rẹ̀. Mo rò pé yóò kúnlẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo rò pé yóò kúnlẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó nà án. "Ẹ gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde," ó ní, "kí ẹ yà sápá òsì."

Jeom-rye dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì yà sápá òsì.